Ìwé tí a kọ láti inú fíìmù abanilẹ́rù àtijọ́: ṣé ìtàn inú rẹ̀ ni à ń rà, àbí bébà tí ó bò ó?

Òǹkàwé Òru

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń kó ìwé jọ. Ó ti di ọdún mẹ́ta báyìí tí mo ti ń wá àwọn ìwé ìtàn tí wọ́n kọ láti inú fíìmù abanilẹ́rù. Kì í ṣe ìwé tí wọ́n sọ di fíìmù ni mo ń wí o, bí kò ṣe èyí tí ilé ìtẹ̀wé gbé fún òǹkọ̀wé kan pé kí ó mú àkọsílẹ̀ eré, kí ó sì sọ ọ́ di ìtàn kíkà kí fíìmù náà tó dé ilé sinimá. Nǹkan bí ọgbọ̀n ni mo ní, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ìwé ẹlẹ́èpo rírọ̀ tí wọ́n tẹ̀ láàárín ọdún 1974 sí 1986.

Ohun tí ó gbé mi wá nìyí. Ẹnì kan fẹ́ ta London After Midnight fún mi, èyí tí Marie Coolidge-Rask kọ, tí ilé ìtẹ̀wé Grosset & Dunlap sì gbé jáde ní ọdún 1928. Èèpo rẹ̀ ṣì dúró dáadáa, àmọ́ ewé àwòrán kan ti já kúrò nínú rẹ̀, nítorí mo rí etí bébà tí ó ṣẹ́kù níbi ìránpọ̀. Olùtajà náà sọ pé bébà ìbòwé tí ó wà lára rẹ̀, ìyẹn bébà tí wọ́n fi wé èèpo líle rẹ̀, jẹ́ ti àtilẹ̀wá, ìdí sì nìyẹn tí ó fi pe iye tí ó ga. Iye kan náà yìí tó láti ra gbogbo ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1977 lábẹ́ orúkọ Carl Dreadstone, mo sì ti rí ẹni tí ó fẹ́ tà wọ́n papọ̀. Agbára mi kò ká méjèèjì.

Èrò tèmi ni pé ìtàn ni à ń rà. Òǹkọ̀wé a máa ṣiṣẹ́ láti inú àkọsílẹ̀ eré kí wọ́n tó gé fíìmù, nítorí náà ohun tí òǹwòran kò rí rí lè wà nínú ìwé. Bí èrò mi bá wọ́, ẹ bá mi tún un ṣe.

Baba Àpótí Ìwé

Ọmọ mi, o kú ìtara. Kí a tó dé orí rírà, jẹ́ kí n ya nǹkan méjì sọ́tọ̀, nítorí àwọn olùtajà a máa pò wọ́n mọ́ra, wọn a sì fi ta ènìyàn. Láyé fíìmù tí kò ní ohùn àti ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, Grosset & Dunlap àti A. L. Burt a máa tẹ ìwé ẹlẹ́èpo líle tí owó rẹ̀ kò pọ̀, wọn a sì fi àwòrán láti inú fíìmù há a láàárín. Ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìtàn tuntun rárá. Dracula àti Frankenstein tí wọ́n tẹ̀ nígbà tí fíìmù méjèèjì jáde ní ọdún 1931, ọ̀rọ̀ Bram Stoker àti ti Mary Shelley ni ó wà nínú wọn. Àwòrán nìkan ni ó jẹ́ tuntun. Bákan náà ni The Phantom of the Opera tí wọ́n tẹ̀ fún fíìmù ọdún 1925, ìtàn Gaston Leroux ni. Ìwé wọ̀nyí dára, mo ní díẹ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ pé ìtàn ni òun ń rà kò ní rí ohunkóhun níbẹ̀ tí kò lè rí nínú ẹ̀dà olówó pọ́ọ́kú.

London After Midnight kò sí nínú irú èyí. Inú fíìmù ni a ti kọ ọ́ ní tòótọ́, gẹ́gẹ́ bí Delos W. Lovelace ti kọ King Kong, èyí tí ó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1932, nígbà tí fíìmù náà kò tíì dé ojú òǹwòran títí di oṣù Kẹta ọdún 1933. Ọ̀kan mìíràn tí ó ṣọ̀wọ́n gidigidi ni The Bride of Frankenstein tí wọ́n tẹ̀ ní ìlú London ní ọdún 1936 lábẹ́ orúkọ Michael Egremont, tí ó jẹ́ orúkọ àdàpè Michael Harrison. Bí o bá rí èyí lójú ọ̀nà, má ṣe bi ẹnikẹ́ni léèrè, rà á.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bébà ìbòwé yẹn kò yé mi tó. Bébà tí ó wà lára ìwé 1928 ti Grosset & Dunlap ṣọ̀wọ́n jọjọ. Àwọn ènìyàn ayé ìgbà náà a máa yọ ọ́ jù nù bí a ṣe ń ju bébà tí wọ́n fi wé ọjà, èyí tí kò sì sọnù ti gbó, ó ti ya. Kí ni ojú rẹ̀ rí?

Abẹ́ Àtùpà

Ẹ jẹ́ kí n gbè sẹ́yìn àwọn Dreadstone, nítorí pé àwọn ènìyàn kì í kà wọ́n sí tó bí ó ti yẹ. Ilé ìtẹ̀wé Berkley ni ó ronú pé kí wọ́n padà sí àwọn fíìmù abanilẹ́rù àtijọ́ ti ilé-iṣẹ́ Universal, kí wọ́n sì kọ ìtàn tuntun láti inú wọn fún àwọn tí ń wò wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n. Kò sí ẹni tí ń jẹ́ Carl Dreadstone. Ramsey Campbell, òǹkọ̀wé ìtàn ẹ̀rù ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ mẹ́ta nínú wọn: The Bride of Frankenstein, Dracula's Daughter àti The Wolfman. Èyí tí a kọ nípa obìnrin amùjẹ̀ yẹn ní ìbànújẹ́ kan tí ó jinlẹ̀ nínú, ọwọ́ Campbell sì hàn gbangba nínú bí ó ṣe ń ṣàpèjúwe òru.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni The Creature from the Black Lagoon, tí Walter Harris kọ lábẹ́ orúkọ náà. Ẹ máa rántí pé nínú fíìmù ọdún 1954, ẹ̀dá inú omi náà tó ènìyàn kan ní gíga. Nínú ìwé Harris, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọkọ̀ ojú omi náà fúnra rẹ̀ ní títóbi, ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 30, ó sì ní ìrù gígùn bíi pàṣán. Òǹkọ̀wé náà mú egungun fíìmù, ó sì gbé ẹran mìíràn wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe lè rí nígbà tí òǹkọ̀wé bá ní òmìnira, ibẹ̀ ni kí ẹ wò. Fíìmù kan náà ti ní ìwé mìíràn ṣáájú, èyí tí John Russell Fearn kọ ní 1954 lábẹ́ orúkọ Vargo Statten. Ọ̀pọ̀ olùkójọ ni ó ti wá ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ títí tí ó fi sú wọn.

Ìyá Àwòrán

Ẹ kú ìjíròrò. Fíìmù ni èmi ń kó jọ ní tèmi, àwòrán àti ìwé ìpolówó rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà ibi tí mo ti ń wo ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀ díẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú Òǹkàwé Òru pé ìtàn ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a ṣọ́ra kí a má fi ìwé ṣe ẹlẹ́rìí ohun tí kò rí.

Fíìmù London After Midnight ti ọdún 1927, èyí tí Tod Browning darí tí Lon Chaney sì kópa nínú rẹ̀, kò sí mọ́. Ẹ̀dà ìkẹyìn tí a mọ̀ jóná nígbà tí iná sọ nínú yàrá ìpamọ́ ilé-iṣẹ́ MGM ní 1965. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń sọ pé, "Ka ìwé Coolidge-Rask, ìwọ yóò sì mọ bí fíìmù náà ṣe rí." Kò rí bẹ́ẹ̀. Fíìmù tí kò ní ohùn ni. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí a kọ sí ojú àwòrán ni àwọn òṣèré ń bá ara wọn sọ. Ìwé náà kún fún ọ̀rọ̀ ẹnu, fún ìrònú, fún àpèjúwe ilé àti ọgbà, àti pé òǹkọ̀wé ni ó hun gbogbo rẹ̀ láti inú ọkàn ara rẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n TCM fẹ́ tún fíìmù náà tò ní 2002, àwòrán tí wọ́n yà nígbà iṣẹ́ àti àkọsílẹ̀ eré ni wọ́n fi gbé e dìde, ìyẹn gan-an ni a sì lè pè ní ojúlówó ẹ̀rí. Àwọn àwòrán inú ìwé yẹn ni mo gbà pé ó jẹ́ apá kan fíìmù náà fúnra rẹ̀, nítorí náà ewé àwòrán tí ó já yẹn dùn mí ju bébà ìbòwé lọ.

Abẹ́ Àtùpà

Ìyá Àwòrán, òótọ́ ni ẹ sọ nípa London After Midnight, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìwé ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo King Kong. Lovelace ní ibi tí àwọn atukọ̀ ti já sínú ọ̀gbun, tí aláǹtakùn ńlá àti àwọn ẹranko mìíràn sì jẹ wọ́n. Wọ́n ya ìran náà, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú fíìmù, kò sì sí ẹni tí ó tíì rí i láti ìgbà náà. Inú ìwé nìkan ni ọmọ aráyé ti lè kà á gẹ́gẹ́ bí apá kan ìtàn náà. Orúkọ ọkọ̀ ojú omi pàápàá yàtọ̀: Wanderer ni ó ń jẹ́ nínú ìwé, Venture nínú fíìmù, èyí sì fi hàn wá pé àkọsílẹ̀ eré tí ó ṣáájú ni Lovelace ní lọ́wọ́.

Bákan náà ni Alien tí Alan Dean Foster kọ ní 1979. Wọn kò jẹ́ kí ó rí àwòrán ẹ̀dá abàmì inú fíìmù náà, ìdí nìyẹn tí ẹ̀dá inú ìwé fi dà bí òjìji tí a kò lè di mú. Fún èmi, ẹ̀rù rẹ̀ ba ni ju ti ohun tí a ṣàpèjúwe tán lọ. Ibi tí Ripley, akọni obìnrin inú ìtàn náà, ti rí ọ̀gá rẹ̀ tí ẹ̀dá náà ti wé mọ́ ògiri wà nínú ìwé náà ní 1979. Ọdún 2003 ni òǹwòran ilé sinimá tó rí i nínú fíìmù. Èyí tí ó ya èmi lẹ́nu jù ni Friday the 13th Part 3 tí Michael Avallone kọ ní 1982: òpin ìtàn tí wọ́n pa tì nínú fíìmù ni ó wà nínú ìwé, ọmọbìnrin tí òǹwòran rí pé ó yè ni Jason, apànìyàn inú ìtàn náà, bẹ́ lórí nínú ìwé.

Ìyá Àwòrán

Mo gbà fún yín lórí ọ̀gbun aláǹtakùn. Èyí jẹ́ ẹ̀rí tí ó dúró, nítorí pé àwọn àwòrán tí ó ṣẹ́kù láti ibi iṣẹ́ náà bá ìwé mu.

Òǹkàwé Òru

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin tèmi. Mo fẹ́ bi Baba ní ìbéèrè kan kí a tó padà sí bébà ìbòwé. Àwọn ìwé ẹlẹ́èpo rírọ̀ wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ ẹ̀dà ni wọ́n máa ń tẹ̀. Báwo ni ó ṣe jẹ́ pé The Omen tí David Seltzer kọ ní 1976 wà níbi gbogbo, ṣùgbọ́n tí Halloween tí ilé ìtẹ̀wé Bantam tẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1979 di ohun tí ènìyàn ń wá kiri? Ọdún kan gbáko ni mo fi wá Halloween yẹn. Nígbà tí mo rí i, olùtajà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dára gan-an, ṣùgbọ́n ní kété tí mo ṣí i ni ojú ìwé méjìlá bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo kà á náà bẹ́ẹ̀, n kò sì kábàámọ̀, nítorí ìtàn ìgbà ìwáṣẹ̀ tí ó fi bẹ̀rẹ̀, ti ọ̀dọ́mọkùnrin tí a kọ̀ sílẹ̀ àti ọmọ ọba obìnrin ní àjọ̀dún àwọn Celt, ẹ̀yà kan ní Yúróòpù ayé àtijọ́, kò sí nínú fíìmù rárá. Fíìmù kò sọ ìdí tí ọmọkùnrin apànìyàn inú rẹ̀ fi ń pa ènìyàn. Ìwé sọ pé ó ń gbọ́ ohùn.

Baba Àpótí Ìwé

Ìbéèrè gidi ni. Ìwé Seltzer tà lọ́nà àrà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ léraléra, àwọn tí ó rà á kò sì lóǹkà. Ìwé tí kò bá tà bẹ́ẹ̀ ní ìpín mìíràn. Orí àgbékọ́ onírin ni wọ́n máa ń kó wọn sí, ọjọ́ ayé wọn kò sì ju ìgbà tí fíìmù fi wà ní ilé sinimá. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, bí ìwé ẹlẹ́èpo rírọ̀ kò bá tà, olùtajà kì í dá odidi ìwé padà. Èèpo iwájú ni yóò ya, tí yóò fi ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé láti gba owó rẹ̀ padà, ìyókù ìwé náà yóò sì di pàǹtírí. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi máa rí ẹ̀dà tí kò ní èèpo iwájú nígbà mìíràn: ìwé tí ó yẹ kí wọ́n ti parun ni. Ṣe àròpọ̀ èyí pẹ̀lú pé ẹni tí ó ra ìwé yìí rà á láti kà nínú ọkọ̀ kí ó sì jù ú nù, ìwọ yóò rí ibi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀dà gbà lọ. Ti Halloween sì tún le sí i, nítorí pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, fíìmù náà ń gbajúmọ̀ sí i, kò sì sí ẹni tí ó tún ìwé náà tẹ̀. Curtis Richards tí ó wà lára èèpo, Richard Curtis ni, alágbàtà ìwé tí orúkọ rẹ̀ kò fara sin láàárín àwọn òǹkọ̀wé.

Bí o bá ń ra irú rẹ̀, wo ẹ̀yìn ojú ewé àkọlé. Àwọn kan kọ oṣù àti ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, àwọn mìíràn to nọ́ńbà sí ìlà kan. Nọ́ńbà tí ó kéré jù nínú wọn ni ó ń sọ iye ìgbà tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Má ṣe gba ọdún ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé gẹ́gẹ́ bí ọdún títẹ̀. Má sì fojú fo orúkọ àdàpè. Jack Martin tí ó kọ Halloween II, Halloween III àti Videodrome, Dennis Etchison ni, ẹni kan náà tí ó fi orúkọ ara rẹ̀ kọ The Fog ní 1980. Owen West tí ó kọ The Funhouse ní ọdún kan náà, Dean Koontz ni. Ìgbà kan wà tí àwọn olùtajà kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, ayé ìgbà náà dùn fún àwa tí a mọ̀.

Alátùńṣe Ìwé

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Iṣẹ́ mi ni títún ìwé tó ti bàjẹ́ ṣe, ọ̀rọ̀ bébà ìbòwé yìí sì ni mo fẹ́ dáhùn, nítorí pé owó tí olùtajà ń béèrè lé orí rẹ̀ ni.

Ṣáájú ohun gbogbo, ẹ bọ́ bébà náà kúrò, kí ẹ sì wo èèpo tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Bébà tí ó ti bo ìwé fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún yóò ti gba oòrùn lára rẹ̀. Bí ẹ̀yìn èèpo bá ti ṣá, ṣùgbọ́n tí ẹ̀yìn bébà náà ṣì ń tàn, àwọn méjèèjì kò jọ gbé pọ̀ pẹ́. Ẹ wo ojú ìṣẹ́po pẹ̀lú: ti àtijọ́ a máa gbó ní ibi tí ó ti ṣẹ́, nígbà mìíràn a máa fẹ́rẹ̀ẹ́ já.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú awò tí ń mú nǹkan tóbi. Àwòrán tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ayé àtijọ́ fi àmì tóótòòtó ṣe a máa tò lẹ́sẹẹsẹ. Àwòrán tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kọ̀ǹpútà tú jáde a máa dà bí ìgbà tí a fọ́n eruku aláwọ̀ sórí bébà láìlétò.

Èyí tí ó dá mi lójú jù ni iná UV, iná tí ń tan irú ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn tó ń ṣe bébà ti ń fi èròjà kan tí ń mú bébà funfun sí i láti nǹkan bí àárín ọ̀rúndún tó kọjá. Bí iná yìí bá kàn án nínú òkùnkùn, bébà náà yóò tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù. Bébà ọdún 1928 kò ní èròjà yìí nínú. Nítorí náà, bí gbogbo ojú rẹ̀ bá tàn, ti ìsinsìnyí ni. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí dáadáa: bí kò bá tàn, kò tíì fi dandan jẹ́ ti àtilẹ̀wá, nítorí pé bébà tuntun tí kò ní èròjà náà wà. Ẹ fi ewé inú ìwé náà wé e lábẹ́ iná kan náà.

Ẹ bẹ olùtajà kí ó jẹ́ kí ẹ ṣe gbogbo èyí lójú rẹ̀. Olóòótọ́ kò ní kọ̀.

Òǹkàwé Òru

Ẹ̀gbọ́n Alátùńṣe, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo ṣe bí ẹ ti wí. Ojú bébà náà tàn yòò bí aṣọ funfun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Àwọn ewé inú ìwé kò tàn rárá, pípọ́n rúsúrúsú ni wọ́n dúró sí. Èèpo abẹ́ rẹ̀ náà ti ṣá ní ẹ̀yìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé aláwọ̀ títàn ni bébà. Olùtajà fúnra rẹ̀ wo ó pẹ̀lú mi, ó dákẹ́, ó sì sọ fún mi pé bí òun náà ṣe rà á nìyẹn, láìmọ̀. Mo gbà á gbọ́. Ó ti yọ owó bébà náà kúrò, ìwé nìkan ni ó fẹ́ tà fún mi báyìí, ó sì ní kí n mú bébà náà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣé kí n gbà á? Ó dùn-ún wò. Ojú Chaney tí ó dé fìlà gíga, tí eyín rẹ̀ mú ṣóṣóró, wà níbẹ̀.

Baba Àpótí Ìwé

Gbà á, ṣùgbọ́n kọ ọ́ sí abala inú rẹ̀, ní ibi tí ìṣẹ́po bò, pé àdàkọ ni. Fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí inú ìwé náà pẹ̀lú. Èmi kò lòdì sí àdàkọ tí ó sọ orúkọ ara rẹ̀; a máa dáàbò bo èèpo, a sì máa dùn-ún wò lórí pẹpẹ. Ohun tí ó ń bà wá nínú jẹ́ ni ìgbà tí ẹni tí ó mọ̀ bá kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì tà á bí ojúlówó nítorí pé kò sí àkọsílẹ̀.

Abẹ́ Àtùpà

Èmi kì bá má gbà á. Bí àdàkọ bá ti wà lára ìwé, ojú wa kì í rí èèpo gidi mọ́. Èèpo tí ó ṣá yẹn ni ìtàn ìgbésí ayé ìwé náà. Ẹnì kan gbé e sí ẹ̀bá fèrèsé fún ọdún pípẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe bí Baba ti wí, n kò ní bá yín jà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sì gbàgbé àwọn Dreadstone.

Alátùńṣe Ìwé

Kí ẹ tó gbé ìwé yẹn sórí pẹpẹ, ẹ gbọ́ díẹ̀ nípa bébà rẹ̀. Igi lílọ̀ ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú bébà olówó pọ́ọ́kú ayé ìgbà náà, ásíìdì sì wà nínú rẹ̀ tí ń jẹ ẹ́ láti inú wá, ìmọ́lẹ̀ àti ooru sì ń mú un yára. A kò lè dá a dúró pátápátá, ṣùgbọ́n a lè fà á sẹ́yìn. Ẹ gbé e sí ibi tí oòrùn kò ti kàn án, tí kò gbóná, tí ọ̀rinrin rẹ̀ kò ju ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀, yóò bu, kòkòrò ajẹ̀wé yóò sì dé. Kí ó dúró ṣánṣán láàárín ìwé tí ó tó o, kí ẹ má fún un mọ́lẹ̀. Ike polyester tí kò ní ásíìdì ni kí ẹ fi bo bébà rẹ̀. Ike lásán tí ń rùn a máa lẹ̀ mọ́ àwọ̀.

Ní ti Halloween tí ojú ìwé rẹ̀ bọ́, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ni ó gbẹ. Má ṣe fi sẹ́lótéèpù kàn án. Mo ti rí ìwé tí ó ṣe é tún ṣe, tí sẹ́lótéèpù sì ti sọ di aláwọ̀ epo títí láé. Kó ojú ìwé méjìlá náà sí ipò wọn, fi òwú rírọ̀ di ìwé náà pọ̀, kí o sì gbé e fún ẹni tí ó mọṣẹ́. Àwọn ìyókù nínú ìwé ẹlẹ́èpo rírọ̀ rẹ, má ṣe tẹ́ wọn pẹrẹsẹ bí o bá ń kà wọ́n. Bí ìwé ṣe máa ń ṣí nígbà tí a bá yọjú wò ó ni kí o ṣí i.

Òǹkàwé Òru

Mo ti ra London After Midnight. Ẹ má bínú, Abẹ́ Àtùpà. Ẹni tí ń ta Dreadstone gbà láti ta The Creature from the Black Lagoon nìkan fún mi lóṣù tó ń bọ̀.

Òru méjì ni mo fi ka London After Midnight tán, mo sì fi ọwọ́ ṣí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti wí. Ìyá Àwòrán, ẹ̀yin ni ẹ jàre, ṣùgbọ́n èmi náà kò jẹ̀bi tán. Mo kọ́kọ́ ń wá fíìmù nínú rẹ̀. Mo ń béèrè ní gbogbo ojú ìwé pé, "Ṣé òǹwòran rí èyí? Ṣé Chaney rìn báyìí?" N kò rí ìdáhùn, inú mi sì fẹ́ bàjẹ́. Nígbà tí ó di ìdajì ìwé ni mo dẹ́kun bíbéèrè, ibẹ̀ ni mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí Coolidge-Rask fúnra rẹ̀, obìnrin kan tí ó jókòó ti àkọsílẹ̀ eré, tí ó sì ń ronú bí ó ṣe máa sọ ìdákẹ́jẹ́ fíìmù di ọ̀rọ̀. Ilé tí ó ṣófo, ariwo ẹsẹ̀ tí a kò mọ ẹni tí ó ni ín, ìwọ̀nyí ni ó fi ń gbé ẹ̀rù dìde níbi tí fíìmù ti ní ojú Chaney. Nígbà tí mo bá sì kan àwòrán, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni ọkàn mi máa ń fò láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ Browning, bí ẹni tí ó gbọ́ ohùn mìíràn nínú yàrá kan náà.

Ibi tí ewé kan ti já, n kò gbọ́ ohùn kejì yẹn. Ojú ìwé tí ó ṣáájú rẹ̀ ṣì ní àmì ibi tí àwòrán náà ti fara lé e fún ọdún pípẹ́, òjìji onígun mẹ́rin tí ó pọ́n ju ìyókù lọ.

Ìyá Àwòrán

Ọmọ mi, mo ní ẹ̀dà kan tí èèpo rẹ̀ ti fọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ewé àwòrán rẹ̀ pé. Kọ nọ́ńbà ojú ìwé tí ó kọjú sí àlàfo náà ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀. N óò ya àwòrán ewé yẹn lójú ìmọ́lẹ̀ tí kò gbóná, n óò sì fi ránṣẹ́ sí ọ. Tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tí kò ní ásíìdì, kí o kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé àdàkọ ni, pẹ̀lú ọdún tí a ṣe é. Má ṣe lẹ̀ ẹ́. Fi há ibẹ̀ lásán, kí ẹni tí ó bá rí ojúlówó rẹ̀ lọ́jọ́ kan lè rí àyè fi sí i.

Òǹkàwé Òru

Mo ti fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́, Ìyá. Mo ti gé bébà sílẹ̀ dè é.